Sí Àjọkẹ́, Lórí Ìgò Ọtí Méjì Tó Fi Ránṣẹ́ sí Mi

Ajégúnlẹ̀,
Ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn.

Fọlákẹ́ ọmọ mi, Àjọkẹ́ mi,

Kí lẹ́tà yìí bá ọ níbi tó tutù, kí ara rẹ le, kí iṣẹ́ tuntun náà má sì jẹ́ kí o máa gbàgbé oúnjẹ ọ̀sán. Àwa níbí wà dáadáa. Ìyá rẹ ní kí n bi ọ́ bóyá o ti ra bàtà pẹlẹbẹ, torí ó ní ẹni tó ń dúró láti àárọ̀ di alẹ́ kò gbọdọ̀ fi ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣe fáàrí.

Ìgò méjì tí o fi rán awakọ̀ ti dé lọ́jọ́bọ̀, ọ̀kankan kò fọ́. Mo rí ìwé tí o dì mọ́ wọn, mo sì kà á lẹ́ẹ̀mẹ́ta. O ní òtẹ́ẹ̀lì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà ọ́ sí ní GRA Àpápá ti fi ọ́ ṣe ẹni tí yóò máa yan ohun mímu, pé oṣù mẹ́fà ni wọ́n fi ń dán ọ wò, àti pé iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí ọ̀gá rẹ gbé lé ọ lọ́wọ́ ni kí o kọ̀wé fún un lọ́jọ́rú: ṣé kí wọ́n máa ra ọtí bíà líle tí Tóyìn ọ̀rẹ́ rẹ ń pọn, àbí kí wọ́n má rà á? O ní iye tí Tóyìn ń ta ìgò kan, èèyàn á fi ra odindi kréètì bíà tí gbogbo ayé mọ̀, á sì tún gba ṣéńjì. O ní Tóyìn sọ pé ọtí òun kì í gbó, pé bí èèyàn bá tọ́jú rẹ̀ fún ọdún márùn-ún, ńṣe ni yóò máa dùn sí i. Bí o bá ní kí wọ́n rà á tí kò tà, iṣẹ́ lè bọ́ lọ́wọ́ rẹ. Bí o bá sì ní kí wọ́n má rà á, Tóyìn lè ti ibi tó ti ń pọntí pa, Tóyìn tí ẹ ti jọ ń jẹ gúgúrú láti ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀.

Ìlà tó kẹ́yìn nínú ìwé rẹ ni: "Bàbá mi, ẹ bá mi tọ́ ọ wò. Ẹ mọ̀ pé èmi kì í mu ọtí. Ohun tí ẹ bá sọ ni màá kọ."

Mo dúpẹ́ pé o bi mí. Kì í ṣe gbogbo ọmọ tó gboyè ló ń rántí pé akọ̀wé ilé ẹrù kan jókòó sílé tó mọ nǹkan kan. Ìdùnnú yẹn pọ̀ nínú mi débi pé mo kọ́kọ́ fẹ́ kọ "rà á" tàbí "má rà á" sórí bébà kékeré kí n fi rán awakọ̀ padà. Lẹ́yìn náà ni mo rántí nǹkan kan, mo sì gbé bébà yẹn tì. Ohun tí mo rántí, inú ìwé tí mo máa ń kọ ní alaalẹ́ ló wà láti ọjọ́ yìí. Ìyá rẹ nìkan ló gbọ́ ọ rí.

Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún ni mí nígbà tí wọ́n gbà mí sí ilé ìkẹ́rùsí ní Creek Road. Iṣẹ́ mi ni kí n dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn pẹ̀lú pátákó kékeré àti bírò, kí n máa ka páálí tó ń wọlé, kí n sì máa wo ọjọ́ tó wà lára wọn. Òfin ilé ẹrù kò ṣòro. Èyí tó kọ́kọ́ wọlé ni yóò kọ́kọ́ jáde. Èyí tí ọjọ́ rẹ̀ bá ti kọjá, fi ṣọ́ọ̀kì pupa kọ "Ó BÀJẸ́" sí i, kí àwọn alábàárù gbé e lọ dà nù lẹ́yìn ilé. Mo fẹ́ràn ṣọ́ọ̀kì pupa yẹn ju bó ṣe yẹ lọ. Ọmọ tí kò ní nǹkan kan nílé, tí a wá fún ní agbára láti sọ pé ẹrù olówó bàjẹ́!

Obìnrin kan wà nígbà náà tí à ń pè ní Ìyá Rẹ̀mí. Òun ló máa ń kó ohun mímu wọlé láti òkè òkun fún àwọn ọ̀gá ọkọ̀ ojú omi àti àwọn máníjà GRA. Lọ́jọ́ kan, ogún páálí ọtí bíà dúdú rẹ̀ wọlé, ìgò kúkúrú kúkúrú tí wọ́n fi ìda bo ìdérí wọn. Mo wo ara ìgò. Ọdún tí mo rí níbẹ̀ ti di mẹ́rin sẹ́yìn. N kò bi ẹnikẹ́ni. N kò ṣí ẹyọ kan. Akọrin ni mí ní ṣọ́ọ̀ṣì, ọtí kò kan ẹnu mi rí, mo sì ń fi ìyẹn yangàn. Èrò mi ni pé ẹmu àárọ̀ kì í dúró di ọ̀túnla, kí wá ni èèyàn fẹ́ fi bíà ọdún mẹ́rin ṣe? Mo fa ṣọ́ọ̀kì yọ.

Olórí àwọn alábàárù wa ni Alfa Mùfú, àgbàlagbà Mùsùlùmí tó máa ń kírun lórí páálí títẹ́. Òun àti àwọn èèyàn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí ìgò, wọ́n ń dà á sí gọ́tà. Ó da bíi mẹ́ta, ó dúró.

"Akọ̀wé," ó pè mí, "wá gbóòórùn nǹkan yìí."

"Alfa, ẹ̀yin náà ti ń mutí ni?"

"Mi ò mu ún. Ṣùgbọ́n imú mi kì í gbààwẹ̀. Nǹkan tó bàjẹ́ kì í rùn báyìí. Èyí ń ta sánsán bí oyin tí iná rà."

"Ẹ dà á nù jàre, ọjọ́ rẹ̀ ti kọjá."

"Ọjọ́ tèmi náà ti kọjá, ta ló tíì dà mí nù?"

Gbogbo àwọn alábàárù bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ló ba nǹkan jẹ́. Ká ní wọn ò rẹ́rìn-ín ni, bóyá ǹ bá rìn lọ síbẹ̀ lọ gbóòórùn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ojú tì mí, mo sì jágbe pé kí wọ́n máa dà á lọ. Páálí mẹ́rìnlá ti wọ gọ́tà kí Ìyá Rẹ̀mí tó dé. Fóòmù pupa rúsúrúsú ń ṣàn lọ lẹ́bàá ọ̀nà, àwọn awakọ̀ tírélà sì dúró, wọ́n ń wò ó bí ẹni ń wo òkú.

Ìyá Rẹ̀mí kò pariwo. Ó bi mí pé, "Ta ló kọ èyí?"

"Èmi ni, mà."

"O tọ́ ọ wò?"

"Rárá, mà. Èmi kì í mutí."

"O bi ẹni tó mọ̀ ọ́n?"

Mo fi ṣọ́ọ̀kì pupa náà sápò.

"Ọdún tó wà lára ìgò yẹn, kí lo pè é?"

"Ìgbà tó máa bàjẹ́ ni, mà."

"Ọdún tí wọ́n bí i ni. O pa á nítorí pé ó dàgbà."

Wọ́n pe máníjà. Mo ti ń ro ohun tí màá sọ fún ìyá mi nílé. Ìyá Rẹ̀mí ní kí wọ́n bá òun wá ife, ó ṣí ìgò kan nínú èyí tó kù, ó bu ìwọ̀n tí kò ju ṣíbí mẹ́ta lọ, ó gbé e fún mi. Ó ní, "Tọ́ ọ wò. Lẹ́yìn ìyẹn, tó o bá ṣì fẹ́ kọ ọ́ pé ó bàjẹ́, kọ ọ́, mi ò ní bá ẹ jà." Mo tọ́ ọ wò níwájú gbogbo wọn. Ó korò díẹ̀, ó dùn díẹ̀, ó ṣe bí ìsàlẹ̀ ìkòkò tí wọ́n fi yan àgbàdo àádùn, ó sì móoru lọ sí àyà mi. Mo dá ife náà padà fún Ìyá Rẹ̀mí. Ó kọjú sí máníjà, ó ní, "Ẹ fi í síbi iṣẹ́ rẹ̀. Kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ ni. Ẹni tí ojú ti tì báyìí, á máa bi èèyàn kó tó kọ̀wé." Òun ló gbé àdánù páálí mẹ́rìnlá yẹn mì. Kò sọ ọ́ mọ́ títí ó fi kú.

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo lò lẹ́nu ilẹ̀kùn yẹn, Àjọkẹ́. Nínú rẹ̀ ni mo ti fẹ́ ìyá rẹ, nínú rẹ̀ ni ilé ìwé rẹ ti wá. Bí mo bá ń ka oore tí Ọlọ́run ṣe fún mi, obìnrin yẹn àti Alfa Mùfú wà lókè pátápátá, n kò sì dúpẹ́ lọ́wọ́ èyíkéyìí nínú wọn tó bó ṣe yẹ. Ìtìjú ni kò jẹ́ kí n ṣe é. Nítorí náà, ìmọ̀ràn kìíní: ẹni tó bá gba ìtìjú rẹ mọ́ra, dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tó ṣì lè gbọ́.

Ìkejì. Mo kọ́gbọ́n nínú ìyẹn, ṣùgbọ́n mo kọ́ ọ gba òdìkejì. Nígbà tó yá, àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í pè mí ní ẹni tó mọ ọtí. Máníjà wa pè mí wá sí ilé rẹ̀ ní GRA lọ́jọ́ kan, ó gbé ìgò kan kalẹ̀, ó kọ́kọ́ dárúkọ iye tó rà á, kó tó ṣí i. Nígbà tó fi máa bù ú fún mi, owó yẹn ti jókòó sórí ahọ́n mi. Mo mọ̀ pé ó ti bàjẹ́. Páálí tí òjò pa ló ń rùn, èmi tí mo sì ti dúró ti páálí tí òjò pa fún àìmọye ọdún, ta ni yóò kọ́ mi ní òórùn yẹn? Mo ní, "Ó dùn gan-an, sà." Ó lọ ra púpọ̀ sí i nítorí ọ̀rọ̀ ẹnu mi. Kúùkù rẹ̀ tó dúró lẹ́bàá ògiri wò mí. Òun náà ti gbọ́ òórùn rẹ̀. Ojú tó fi wò mí lọ́jọ́ náà, n kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi irú rẹ̀ wò ọ́ láéláé.

Wọ́n ní ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n mo ti jẹ ọbẹ̀ tí owó pa tí kò dùn, mo sì ti jẹ ọbẹ̀ ilá lásán ní ilé ìyá mi tí n kò tíì rí irú rẹ̀. Òwe yẹn kò sọ ibi tí owó náà wọlé sí. Ìyẹn ni kí o máa bi gbogbo ẹni tó bá gbé ọjà ọ̀wọ́n wá bá ọ: ibo ni owó yìí wọlé sí?

Ó yá, ìgò rẹ. Lánàá, ní nǹkan bí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, mo pe ìyá rẹ, mo sì pe Bọ̀dá Fúráìdè tó ń lu ara mọ́tò ní Malu Road, torí n kò fọkàn tán ahọ́n mi nìkan. Ahọ́n arúgbó náà ń gbó. Mo gbé ife kékeré mẹ́ta kalẹ̀. Nígbà tí mo sọ iye owó rẹ̀ fún ìyá rẹ, ó dìde.

"Ìgò kan? Kọ́ńgò ẹ̀wà mélòó nìyẹn? Tóyìn ọmọ Ìyá Tóyìn tó ń ta kẹrosíìnì níbí?"

"Jókòó, Ìyá Fọlákẹ́, a fẹ́ tọ́ ọ wò ni."

"Èmi á kàn gbóòórùn rẹ̀ ni o. Díákónẹ́ẹ̀sì ni mí."

Mo ṣí èyí tí Tóyìn pọn lọ́dún tó kọjá. Ó dúdú, ó nípọn, fóòmù rẹ̀ dà bí àwọ̀ ṣúgà tí wọ́n yan. Fúráìdè fi ètè kàn án, ó gbé ife náà jìnnà sí ojú, ó wò ó. "Ẹgbọ́n, dis one no be beer o. Na food." Ó tún fi kàn án. Mo bojú wẹ̀yìn báyìí, ife ìyá rẹ ti gbẹ. Ó tún nà án sí mi.

"Màmá Fọlákẹ́!" Fúráìdè ké. "Ẹ ní ẹ fẹ́ smell am ni!"

"Mi ò tíì gbọ́ ohun tó ń sọ dáadáa. Bu díẹ̀ sí i."

Àwa mẹ́ta la jókòó ti ìgò kan yẹn fún wákàtí kan ó lé. Kò sí ẹni tó mu ju ife kékeré méjì lọ. A sọ̀rọ̀ nípa ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ tí ìyá àgbà rẹ máa ń fi àgbàdo pọn nígbà ìkórè, Fúráìdè sọ̀rọ̀ nípa bàbá rẹ̀ tó ti ìlú etí odò wá ṣiṣẹ́ ní èbúté yìí. Ó pẹ́ tí a ti jókòó bẹ́ẹ̀. Ọpẹ́ ló gba ọkàn mi, mo sì rò ó pé bóyá ohun tí èèyàn ń rà nínú ìgò olówó iyebíye nìyẹn: ohun tí kò ṣeé gbé mì kíákíá, tó fi ipá mú ni jókòó. Ṣùgbọ́n mo tún bi ara mi, ṣé a kò lè fi omi tútù jókòó bẹ́ẹ̀? A lè ṣe é. A kò kàn ṣe é rí ni.

Lẹ́yìn náà ni mo ṣí ìkejì, èyí tí Tóyìn kọ ọ́ sí lára pé òun ti tọ́jú fún ọdún mẹ́ta, tí owó rẹ̀ sì tún ga ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ọmọ mi, kí n tó gbé ife dé ẹnu ni mo ti mọ̀. Páálí tí òjò pa. Fúráìdè fajú ro. "Ah. Dis one don tire." Ìyá rẹ da tirẹ̀ sídìí ọ̀gẹ̀dẹ̀.

Ẹ̀bi kò sí lọ́wọ́ Tóyìn nínú bó ṣe pọn ọ́n. Yàrá tó ń lò ló fà á. Mo mọ ibẹ̀, ẹ̀yìn àwọn tó ń lẹ táyà ní Malu Road, páànù ni òrùlé rẹ̀. Mo ti kà á nínú ìwé pé nílùú àwọn òyìnbó tó bẹ̀rẹ̀ irú ọtí yìí, abẹ́ ilẹ̀ ni wọ́n ń tọ́jú rẹ̀ sí, níbi tí oòrùn kò dé. Ọdún mẹ́ta níbẹ̀ kì í ṣe ẹgbẹ́ ọdún mẹ́ta lábẹ́ páànù, níbi tí iná mànàmáná ń lọ lẹ́ẹ̀mẹ́rin lójúmọ́. Bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà, ṣùgbọ́n èèyàn kì í fi aṣọ sí inú ẹrẹ̀ kó lè tètè di àkísà. Gbígbó yàtọ̀ sí dídàgbà.

Nítorí náà, o bi mí bóyá ó tó owó rẹ̀. Fún ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ, rárá, kó mu omi. Fún ẹni tó fẹ́ kí àwọn tó jókòó sí tábìlì kejì rí òun, kò tó o bákan náà, torí ìgò tó tún wọ́n jù ú lọ yóò dé lọ́la. Fún èèyàn mẹ́rin tó fẹ́ pín ìgò kan ní ife kékeré, tí wọ́n sì ní àkókò, mo rò pé ó tó o. Ibi tí owó yẹn wọlé sí hàn sí mi nínú ìgò àkọ́kọ́: ọkà tó pọ̀, oṣù tó fi dúró, ọwọ́ tó mọ iṣẹ́. Èyí tí wọ́n pè ní ọlọ́dún mẹ́ta, má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni rà á. Má sì jẹ́ kí wọ́n ta ìlérí ọdún márùn-ún fún ẹni tí kò ní ibi tútù nílé. Ó tún le ju bíà lásán lọ dáadáa. Ẹni tó bá máa wa mọ́tò padà sílé, ife kékeré kan náà ti pọ̀ fún un. Kí àwọn tó ń gbé e fún oníbàárà sọ bẹ́ẹ̀ kí wọ́n tó ṣí i.

Ìmọ̀ràn tó kàn, o ò ní fẹ́ràn rẹ̀. Kí ọ̀gá rẹ tó gbọ́ nípa ìgò kejì, kí Tóyìn ti gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ. Má fi fóònù sọ ọ́, ojú lọ̀rọ̀ wà. Lọ bá a lọ́jọ́ Ajé lẹ́yìn iṣẹ́. Yóò bínú. Ó lè sọ pé iṣẹ́ GRA ti sọ ọ́ di ẹlòmíràn. Jẹ́ kó sọ ọ́ tán. Lẹ́yìn náà, bi í bóyá yóò lè máa pọn èyí tí wọ́n máa mu láàárín ọdún kan, tí òtẹ́ẹ̀lì yín yóò sì máa tọ́jú sínú yàrá tútù tiyín. Òtítọ́ dọ́jà ó kùtà, owó lọ́wọ́ là ń ra èké, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rẹ́ tó jẹ́ kí Tóyìn máa ta ìgò kejì yẹn lọ ló máa ti ilé iṣẹ́ rẹ̀ pa, kò ní pẹ́.

Mo wá dé orí ìlà rẹ tó kẹ́yìn. "Ohun tí ẹ bá sọ ni màá kọ." Mo ti sọ ohun tí mo mọ̀, kò sì sí èyí tí mo fi pamọ́. Ṣùgbọ́n jọ̀ọ́, má kọ ọ́. Bí o bá kọ ọ́, orúkọ rẹ ni yóò wà lábẹ́ ọ̀rọ̀ tí ìwọ kò mọ ìdí rẹ̀, bí ọ̀gá rẹ bá sì bi ọ́ ní ìbéèrè kan ṣoṣo, o ò ní rí ìdáhùn. Èmi ti dúró síbẹ̀ rí níwájú Ìyá Rẹ̀mí. N kò ní kí o di ọ̀mùtí, n kò sì ní kí o ṣẹ̀ sí ẹ̀rí ọkàn rẹ. Ní ọ̀dọ̀ Tóyìn lọ́jọ́ Ajé, ní kó ṣí ìgò méjèèjì níwájú rẹ. Bí o bá lè fi ahọ́n kàn án kí o tu ú dànù, ṣe bẹ́ẹ̀. Bí o kò bá lè ṣe é, gbóòórùn rẹ̀, wò ó, bẹ àwọn méjì tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́ kí wọ́n tọ́ ọ wò lójú rẹ, kí o wá kọ ọ́ gbangba pé: "Èmi kì í mu ọtí. Ohun tí mo rí nìyí, ohun tí mo gbóòórùn nìyí, ohun tí àwọn wọ̀nyí sọ nìyí." Ó lè jẹ́ pé ohun tí o máa bá níbẹ̀ kò ní bá tèmi mu. Nígbà náà, tìrẹ ni kí o kọ, kí o pa tèmi tì. Inú mi á dùn sí i ju kí o gbà mí gbọ́ lọ.

Bí ọ̀gá rẹ bá gbà á, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Bí kò bá gbà á, tí oṣù mẹ́fà náà sì parí síbẹ̀, máa bọ̀ nílé. Yàrá rẹ wà bó o ṣe fi í sílẹ̀, ìyá rẹ á gbé oúnjẹ kalẹ̀, kò sì sẹ́ni tó máa bi ọ́ ní ìbéèrè títí wàá fi jẹun tán.

Èmi ni bàbá rẹ, tí inú rẹ̀ ń dùn pé o bi òun.